Okùn Kan, Ohùn Kan

Aago mẹ́fà àárọ̀, Asimína ti wọ bàtà rọ́bà.
Ilé-iṣẹ́ ẹja alágolo wà létí òkun ní Alónisos,
òrùlé páànù, ilẹ̀ títutù, òórùn tí ọṣẹ ò ká.
Gé e, tò ó, tẹ̀ ẹ́, da òróró lé e, tì í síwájú.
Gé e, tò ó, tẹ̀ ẹ́.
Lọ́jọ́ Ajé, ẹja. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹja.
Ní Ọjọ́rú ẹ̀rọ ìdérí bàjẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú,
àwọn obìnrin ibẹ̀ ń yọ̀ bí ẹni tí ọdún dé bá.

Lálẹ́, ó ju ìborí sórí àga.
"Monotonía," ló wí, "monotonía ni yóò pa mí."

Trasívulos, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, gbójú kúrò lórí ọbẹ̀.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi to lẹ́tà òjé nílé ìtẹ̀wé ní Vólos;
tàdáwà ò tíì fi èékánná rẹ̀ sílẹ̀.
"Ṣé o mọ ohun tó o sọ yẹn?"

Kò dúró gbèsì. Ó wá okùn ìpẹja,
ó so ìdí kan mọ́ fèrèsé, ìkejì mọ́ àpótí àwo,
ó fà á títí ó fi le bí iṣan ọrùn ẹni tó ń bínú.
"Tónos nìyí. Fífà. Nínà.
Láyé àwọn baba ńlá wa,
okùn tó le ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè bẹ́ẹ̀,
kó tó di ohùn tó ń tara okùn jáde."
Ó ta á níka. Ó dún.
Ó tún ta á. Ohun tó wí lẹ́ẹ̀kan náà ló tún wí.
"Mónos: ọ̀kan péré, àdánìkanwà.
Okùn tí wọ́n fà, tí wọn ò dẹ̀, tí wọn ò sì fà sí i.
Ìwọ nìyẹn."

Asimína rẹ́rìn-ín tipátipá.
"Èmi rò pé ẹja ni."
Òótọ́ ni: tónos náà ni wọ́n ń pe ẹja inú agolo,
tónos náà ni tọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.
Ọ̀rọ̀ kan, ẹrù bí mélòó.

"Àtèyí," bàbá náà ní, "èyí tí mo fi jẹun."
Ó gbé agolo kan látorí pẹpẹ, ó dà á sórí tábìlì:
àmì ohùn tí wọ́n fi òjé rọ, kéékèèké bí ẹyin kòkòrò.
Ọ̀kan ń gòkè, ọ̀kan ń sọ̀ kalẹ̀,
ọ̀kan ká bí ẹ̀yìn ológbò tó rí ajá.
"Ọdún tí ìjọba ní kí ẹyọ kan ṣoṣo kù,
ọ̀gá wa ní ká lọ yọ́ ìyókù.
Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan sápò."
"Ó dín iṣẹ́ kù, àbí?"
"Ó dín in kù. Àwọn ọmọ iléèwé jó.
Ṣé o mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́? Monotonikó."

Èmi tí mò ń kọ èyí, n ò lè bá wọn dá sí i.
Ṣùgbọ́n mo wo igbá, mo wo igba,
mo wo ìgbà, mo wo ìgbá nínú oko,
mo sì bo àwọn àmì mi bí àgbébọ̀ tó rí àṣá.

Asimína yí agolo náà lọ́wọ́.
Lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi kọ ọ́ lára: TONOS.
Lẹ́tà ńlá kì í gba àmì lédè wọn.
"Tónos tí kò ní tónos," ló wí.
"Ẹgbẹ̀rún méjì lójúmọ́ ń gba ọwọ́ mi kọjá. N ò rí i rí."
Ẹ̀rín gidi bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Kò wo nǹkan kan sàn. Ilẹ̀ mọ́, aago mẹ́fà, bàtà rọ́bà.
Wọ́n gbàgbé láti tú okùn.
Lemoniá, ìyàwó ilé, ti sá àkísà tútù sí i láàárín,
okùn náà tẹ̀.
Bí Asimína ṣe ń jáde, èjìká rẹ̀ kàn án,
ó sì dún, nísàlẹ̀ pátápátá,
bí ohùn ẹlòmíì.